Ewé Níwájú Iná

Ọjọ́ Àìkú, 4 Oṣù Kìíní 2026

Mo ti Anoumabo dé, ní Abidjan níbí. Ó rẹ̀ mí, inú sì ń bí mi, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ṣe mí ní nǹkan kan.

Alhaji Àrìmíyàù, bàbá Mounira tí mo fẹ́ fi ṣaya, gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n béèrè àlàáfíà Màámi, wọ́n béèrè agboolé bàbá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n tiẹ̀ dárúkọ ẹnìkan níbẹ̀ tí èmi fúnra mi ò mọ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti wọ̀. Àfi ìgbà tí wọ́n ní àwọn ò lè dá ọjọ́ kankan fún ẹni tí Chérif kò tíì mọ̀. Chérif ni àkọ́bí wọn, òun ló ń bá wọn ta abọ́ tánńganran ní Adjamé. Wọ́n ní kí n máa wá bá a ṣeré ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Tó bá ti lè fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun mọ̀ mí, kí n kó àwọn èèyàn mi wá.

Ààwẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àti díẹ̀. Mounira ń lọ Korhogo ní Oṣù Kẹrin, ọdún méjì ni wọ́n rán an lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nílé ìwòsàn. Tí a ò bá ṣe mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ kí ààwẹ̀ tó wọlé, Alhaji ti là á mọ́lẹ̀ pé ó di ìgbà tó bá padà dé. Ẹni ọgbọ̀n ọdún ni mí o.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún Chérif. Mo fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ, ṣùgbọ́n mo dọ̀bálẹ̀. Garba ló ń jẹ, gbágùúdá àti ẹja dídín, ó fi ọwọ́ tó fi ń jẹ ẹja dídín náà gbá mi lẹ́yìn pé kí n dìde. Ìka mẹ́rin ló hàn lẹ́yìn jalabíà funfun mi, mo sì gbé e wọ ọkọ̀ gbaka méjì kí n tó délé.

Òróró ẹja bo fóònù rẹ̀, kò ṣe é wò. Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń tún fóònù ṣe ní Siporex. Mo ti rí ìdọ̀tí etí, mo ti rí àtíkè, mo ti rí aáyán tó kú sínú ihò ṣájà, mi ò sì rí irú èyí rí. Ohun kan ṣoṣo tó dùn mọ́ mi ni pé Gbangban, eré káàdì ẹranko, ló ń ta lórí rẹ̀. Mo sọ fún un pé èmi náà ń ta á, pé ẹranko omi ni mò ń kó, mo sì fi erinmi mi hàn án, èyí tó gbé mi dé ipò kọkànlá ní gbogbo Yopougon. Ó wò ó pẹ́. Ó fi Faransé pè mí ní àgbà, ó ní, "Vieux père, ẹ ti lọ jìnnà." Ó padà sídìí garba rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 5 Oṣù Kìíní

Màámi rí àmì ìka náà níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n má wulẹ̀ dààmú, pé màá nà án nínú Gbangban ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí èmi náà lè rí nǹkan jẹ nínú ìlọ yẹn. Ẹ̀rín tán lójú wọn.

"Mustaqeem, ìyàwó lo lọ fẹ́ ni àbí ìjà lo lọ jà? Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ nìyẹn. Jẹ́ kó máa nà ẹ́."

Mo ní mo ju Chérif lọ. Wọ́n ní ta ló ń béèrè ọjọ́ orí. Mo ṣèlérí fún wọn pé màá jẹ́ kó nà mí.

Ọjọ́ Àìkú, 11 Oṣù Kìíní

Omi ló ń paná. Iná ń jó ewé, ewé ń fi gbòǹgbò ya ilẹ̀, ilẹ̀ ń gbé àrá mì, àrá ń lu omi pa. Ọmọ ọdún méje ní Siporex lè kà á fún ẹ lójú oorun. Chérif mọ̀ pé omi ni mò ń kó, mo fi hàn án fúnra mi, síbẹ̀ káàdì méjìlá tó gbé wá, iná ni gbogbo wọn. Àkùkọ iná, ajá iná, alángbá iná. Mi ò mọ̀ bóyá ìgbéraga ni àbí kò kàn ní làákàyè.

Erinmi mi nìkan ì bá gbá gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti ṣèlérí fún Màámi. Mo fi omi sílẹ̀, mo kó ewé méjìlá wá, mo sì ń tì wọ́n sínú iná ní mẹ́ta mẹ́ta. Ewúrẹ́ ewé jó, alágẹmọ ewé jó, ejò ewé jó. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Nígbà tó tán, ó ń wò mí. Ó ní, "Ṣé ó parí nìyẹn?" Mo ní ó parí, bọ̀dá, iná yín le. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ń dùn mí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí mo fi dé Adjamé.

Ọjọ́rú, 14 Oṣù Kìíní

Ọyẹ́ bo gbogbo ọjà. Eruku ni a ń tún ṣe, kì í ṣe fóònù.

Lazare, tí a jọ ń lo tábìlì kan, gba fóònù mi, ó wo eré tí mo ta pẹ̀lú Chérif látòkèdélẹ̀. Èdè wa tó gbọ́ kò ju "ẹ káàárọ̀" lọ, nítorí náà Faransé ló fi bú mi. "Mon vieux, tu perds mal." Ó ní mi ò tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí wọ́n na èèyàn, pé afọ́jú á rí i pé ewé méjìlá kò ní iṣẹ́ tó ń ṣe níwájú iná méjìlá. Ó ní kí n da ilẹ̀ àti àrá mọ́ ọn, kí n fi omi méjì há àárín, kí n má mú wọn jáde àfi nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti bàjẹ́ tán. Ó ní kí Chérif fi díẹ̀ nà mí, kó lè dùn mọ́ ọn nínú.

Bàbá mi rán mi lọ sílé ìwé kí wọ́n tó kú. Ohun tí mo wá ń kọ́ rèé.

Ọjọ́ Àìkú, 18 Oṣù Kìíní

Mo ṣe bí Lazare ṣe wí. Ẹ̀mí mẹ́jọ péré ni Chérif fi jù mí lọ nígbà tó parí. Bí mo bá fẹ́, erinmi ì bá jáde ní ìgbà kẹta tó kàn mí, kí gbogbo rẹ̀ tán síbẹ̀. Mo fi í pa mọ́ títí iná fi jó mi dé ọrùn.

Chérif tún gbé iná méjìlá wá. Iná kan náà, ètò kan náà. Ẹ̀ẹ̀kan náà kò rò ó wò pé kí òun yí káàdì kan padà. Nígbà tó nà mí tán, ó nà sẹ́yìn lórí àga, ó ní, "Iná mi ò lọ́gàá ní gbogbo Abidjan. Omi gan-an ń sá fún un." Ó tún fi Faransé sọ ọ́, ó sì fi Dyula sọ ọ́ fún aládùúgbò tó wà lódìkejì ògiri. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí mi, bí ẹni pé ó ku nǹkan tí mo máa sọ. Mo ní òótọ́ ni, bọ̀dá.

Ó wá ní kí n bá òun wo fóònù òun, pé kò gba ṣájà mọ́. Ègé atiéké, gbágùúdá inú garba, ló kún ihò náà, ó ti gbẹ, ó ti yí àwọ̀. Òwú mẹ́fà ni mo lò. Èyí tó kẹ́yìn ní egungun ẹja. Mounira gbé omi wá fún mi, ó gbé e kalẹ̀, ó padà wọlé láìwojú mi.

Ọjọ́bọ̀, 22 Oṣù Kìíní

Atiéké igba fráǹkì ti kéré débi pé ẹnu méjì ló gbé e. Iná ìjọba lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Mo gbé bébà sílẹ̀ níbi iṣẹ́, mò ń ṣírò bí màá ṣe jẹ́ kó fi ẹ̀mí márùn-ún péré nà mí. Iṣẹ́ ló ju iṣẹ́ lọ. Kí n tó borí, kí n kàn kó omi jáde ni. Kí wọ́n tó nà mí dáadáa, mo gbọ́dọ̀ mọ gbogbo ohun tí Chérif máa ṣe kó tó ṣe é, kí n sì rìn lọ pàdé rẹ̀. Mò ń fi ìyẹn kọ́ra lórí àwọn àjèjì, gbogbo wọn ń nà mí, ipò kọkànlá mi sì ti di ogójì. Ọmọkùnrin kan ní Bouaké tí ó nà mí lánàá kọ̀wé sí mi pé kí n lọ ta ludo.

Ọjọ́ Àìkú, 25 Oṣù Kìíní

Ó nà mí lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn èkejì, ó gbé ojú sókè, ó ní, "Vieux père, ẹni tí kò lè pa iná orí fóònù, báwo ló ṣe máa gbé àbúrò mi délé?" Ó sọ ọ́ kedere, níwájú ìyá rẹ̀. Mo gbé e mì. Ó le ní gbígbé mì, mo fi omi tì í.

Mo bi í tìrẹ̀lẹ̀-tìrẹ̀lẹ̀ pé ṣé ó lè sọ fún Alhaji pé òun ti mọ̀ mí báyìí. Ó mi orí. "Mi ò tíì mọ̀ yín. Ẹ ò jẹ́ kí n mọ̀ yín."

Mo rò pé ìsìn ló ń fẹ́. Mo bá a gbé àpò abọ́ méjì láti inú ọkọ̀ dé yàrá ẹrù, nínú oòrùn, mo sì tún bá a gbá ibẹ̀. Èkúté mẹ́ta tó ti kú ló wà lábẹ́ àpò. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí pẹ̀lú ojú kan báyìí, bí ẹni tó rí nǹkan nínú ọbẹ̀. Kí ló ń wò? Ṣebí òun ló ni èkúté.

Ọjọ́ Àìkú, 1 Oṣù Kejì

Alhaji jókòó tì wá lónìí. Lẹ́yìn ìrun àìlà ni wọ́n máa ń lọ rẹjú, ṣùgbọ́n wọ́n fa àga wá sí èjìká mi, wọ́n fi ìgò ojú wọn sójú.

"Kí lèyí?"

"Ewúrẹ́ ni, Bàbá. Ewúrẹ́ ewé."

"Èyí tó kọjú sí i ńkọ́?"

"Ajá iná ni."

Wọ́n ń wò ó. Ó kàn mí. Ètò mi ni pé kí ewúrẹ́ yẹn kú nígbà yẹn gan-an, mo ti ṣírò rẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀. Mo tì í síwájú, ajá náà bu iná lé e, ó jó.

Alhaji ní, "Ìwọ lo fi síbẹ̀, àbí òun ló dá ara rẹ̀ lọ?"

"Èmi ni, Bàbá."

"O sì mọ̀ pé iná ń jó ewé."

Wọn ò béèrè, wọ́n kàn sọ ọ́ ni. Mo lè sọ òótọ́ nígbà yẹn. Màá ní Bàbá, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni, mò ń bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n Chérif wà níbẹ̀, mi ò lè wo ojú rẹ̀ kí n sọ fún un pé ọ̀fẹ́ ni gbogbo ohun tó ti ń jẹ. Mo ní, "Mi ò tètè rí i, Bàbá. Ojú mi ló ṣì."

Wọ́n bọ́ ìgò ojú wọn, wọ́n dìde. Chérif ń wo ilẹ̀. Kò fọ́nnu lónìí. Nígbà tí mo dìde kúrò lórí ẹní, egungun ẹja ti lẹ̀ mọ́ orúnkún mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kejì

Mounira pè mí ní ọ̀sán, láti ibi iṣẹ́. Kò kí mi.

"Bàbá ní kí n yan ọ̀kan. Ṣé òmùgọ̀ ni ẹ́ ni àbí òpùrọ́. Wọ́n ní tó bá jẹ́ òmùgọ̀ ni, àwọn á gbà ẹ́, àwọn á máa kọ́ ẹ díẹ̀díẹ̀. Tó bá jẹ́ òpùrọ́ ni, kí n má mú ẹ wálé mọ́."

Mo bi í pé kí ló wá sọ fún wọn.

"Mo ní kí wọ́n fún mi di ọjọ́ Àìkú. Kí ni màá sọ? Mo mọ̀ pé o ò gọ̀." Ó tún ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, Mustaqeem. Mò ń gbé omi wá, mò ń rí ojú ẹ. O ń purọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi lójú kòrókòró, o sì ń rẹ́rìn-ín. Mo wá ń bi ara mi pé èmi náà ńkọ́, ìgbà wo lo ti ń rẹ́rìn-ín sí mi bẹ́ẹ̀?"

Ó pa fóònù. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú sukurudíráfà lọ́wọ́, mi ò sì mọ fóònù ta ni mo tú. Gbogbo ìdọ̀tí tí mo ti ń bínú sí láti Oṣù Kìíní, kò sí èyí tó kó mi nírìíra tó ara mi lónìí. Ẹni tó ń jẹ garba lé orí fóònù kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo wọ funfun.

Mo sọ ọ́ fún Màámi. Wọ́n wá ní ohun tí àwọn kọ́ mi kò burú, èmi ni mo ṣe é jù.

Ọjọ́rú, 4 Oṣù Kejì

Mo pa gbogbo ewé rẹ́ kúrò nínú àpò káàdì mi.

Ọjọ́ Àìkú, 8 Oṣù Kejì

Màá kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Alhaji wà lórí àga. Mounira dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, kò gbé omi lọ́wọ́. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ fún Chérif, mo ní, "Bọ̀dá, ẹ forí jì mí fún ohun tí mo fẹ́ ṣe." Mo rò pé mo ń ba ojú rẹ̀ jẹ́ nínú ilé bàbá rẹ̀, pé lẹ́yìn èyí kò ní sọ láéláé pé òun mọ̀ mí.

Ó gbé iná méjìlá wá. Mo gbé omi. Erinmi wọlé lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀nì tẹ̀lé e. Ìgbà mẹ́rin péré ló kàn mí. Àkùkọ, ajá, alángbá, gbogbo wọn kú pátápátá, kò sí ẹyọ kan tó kù láti sọ ìtàn.

Mo gbé ojú sókè láti rí ìbínú Chérif. Ó ti fi ọwọ́ méjèèjì bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo rò pé ẹkún ni.

"Enfin," ó ní. Ẹ̀rín ni ó ń rín. "Enfin, nígbẹ̀yìn gbẹ́yín, vieux père. Ó ti sú mi. Mo ti fẹ́ sọ fún Bàbá pé mi ò lè ṣe é mọ́."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ rèé. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní tí mo dé, Alhaji kìlọ̀ fún un pé èèyàn kì í na àlejò tó wá fẹ́ ọmọ nínú ilé ẹni, pé kó jẹ́ kí n máa borí. Ó ti rí erinmi mi. Ó wá ti gbogbo ẹranko tó dáa nínú àpò rẹ̀ sẹ́yìn, ó kó iná nìkan wá, kí omi mi lè pa á kíá, kí n lè lọ sílé pẹ̀lú inú dídùn. Mo sì kó ewé wá.

"Mo ní ó lè jẹ́ àṣìṣe. Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ tún ṣe é. Mo bú yín, ẹ ní òótọ́ ni. Mo ní kí ẹ fọ fóònù mi, ẹ fọ̀ ọ́. Mo sọ̀rọ̀ sí yín níwájú ìyá mi, ẹ mu omi. Mo ní kí ni kí n ṣe tí ọkùnrin yìí á fi bínú? Tí ẹ bá ti lọ, oúnjẹ kì í wọ̀ mí lẹ́nu. Mo ní ṣé ẹni tí Mounira fẹ́ lọ bá sùn nìyí, ẹni tí iná ń jó tó ń rẹ́rìn-ín?"

Mo ní èmi náà ń jẹ́ kó borí ni, pé Màámi ló ní kí n bọ̀wọ̀ fún un. Alhaji kọjú sí àjà ilé, wọ́n ní, "Astaghfirullah."

Chérif wá ní ká ta ọ̀kan tí kò sí ọ̀wọ̀ nínú rẹ̀. Ó ṣí àpò kejì. Mi ò rí i rí. Ẹja òjìjí mẹ́rin ló wà níbẹ̀, àrá ni gbogbo wọn, èyí tó tóbi jù nínú wọn kò sí lọ́wọ́ ẹni mẹ́wàá ní ìlú yìí. Èyí àkọ́kọ́ fọwọ́ kan erinmi mi, erinmi mi kú. Mo sáré wá ilẹ̀ tó máa gbé àrá mì, mo rántí pé mi ò mú ilẹ̀ dání. Ó nà mí, ó sì nà mí gidi. Ẹni kẹta ni ní gbogbo Abidjan, ipò rẹ̀ wà níbẹ̀ lókè fóònù rẹ̀ látọjọ́ yìí wá, lábẹ́ òróró ẹja. Mo fọ fóònù náà lọ́wọ́ ara mi, mi ò kà á. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi ń ṣàánú ẹni tó lè fi ọwọ́ kan nà mí.

Alhaji ní irọ́ tí mo pa, àwọn náà ló rán Chérif pa á, kí n kó àwọn èèyàn mi wá ní Àìkú tó ń bọ̀. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tí eyín ń dùn. Mounira ti wọlé kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀, kò sì gbé fóònù rẹ̀ nígbà tí mo pè é.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Oṣù Kejì

Mounira kò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Obì ti wọ́n. Màámi ti lọ aṣọ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ Àìkú, 15 Oṣù Kejì

Ooru mú. Èèyàn mẹ́sàn-án la jẹ́, a gba ọkọ̀ kan láti Siporex. Wọ́n kí wa, a kí wọn. Àbúrò bàbá mi sọ̀rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n fi ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀ sí yìgì, bí ọmọ bá gbà. Alhaji tẹnu mọ́ ìyẹn dáadáa, bí ọmọ bá gbà. Chérif jókòó tì mí, ó wọ jalabíà funfun, ó mọ́ tónítóní. Alhaji bi í níwájú gbogbo wa pé ṣé ó mọ̀ mí báyìí. Ó ní òun mọ̀ mí.

Wọ́n pe Mounira jáde. Ìyá rẹ̀ bi í pé ṣé ó mọ ọkùnrin tó wá tọrọ rẹ̀ yìí. Ó wò mí, ó wo Chérif, ó tún wò mí.

"Mo mọ̀ ọ́n. Ilé kan náà ni mo ń bá irú rẹ̀ gbé láti kékeré. Ẹni tó bá fẹ́ràn yín, á lọ yí gbogbo Abidjan ká, á purọ́ fún yín lọ́nà mẹ́wàá, kó má bàa fẹnu sọ òótọ́. Mo rò pé mo ti rí ẹni tó yàtọ̀."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, Màámi tiẹ̀ ń nu ojú. Èmi àti Chérif la ò rẹ́rìn-ín. Mounira náà kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó dúró títí ẹ̀rín fi tán lẹ́nu gbogbo wọn, títí gbogbo wa fi ń gbọ́ fáánù. Ìyá rẹ̀ bi í pé ṣé kí àwọn gba obì náà àbí kí àwọn dá a padà.

Ó ní kí wọ́n gbà á. Kò wojú mi nígbà tó ń sọ ọ́.